Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Ipá tí ó Di Òkúta Ìdànrè Mú

ÌFÁÁRÀ

Ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ gba ọ̀nà gúúsù wá sí Ìdànrè kò ní pẹ́ rí i pé òkúta ni ó ni ilẹ̀ náà. Òkúta yí ìlú ká, òkúta yọrí láàárín ilé, òkúta ga sókè bí ẹni pé ó fẹ́ fi orí kan ojú ọ̀run. Ní Aládé, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó para pọ̀ di Ìdànrè lónìí, ọmọ tí a bí síbẹ̀ ń lajú bá òkè, àgbàlagbà tí ó ń lọ sí oko kòkó sì ń fi òkè júwe ọ̀nà. Orí òkè yìí gan-an ni àwọn baba ńlá wọn gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní 1923. Àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ ni àlejò ní láti gùn kí ó tó dé ìlú àtijọ́ náà, níbi tí ààfin Ọwá àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 wà.

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé òkúta le. Ṣùgbọ́n kí ni ó dì í mú? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè èyí lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, ìdáhùn tí ó sábà máa ń gbà ni pé àwọn átọ́ọ̀mù inú òkúta ni ó fi ipá mànàmáná so mọ́ ara wọn. Òótọ́ ni ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Nínú átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, kóró kan wà tí ó yẹ kí ó ti fọ́ yángá láti ìgbà ìwásẹ̀, tí kò sì fọ́. Ipá tí kò jẹ́ kí ó fọ́ ni àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní ipá alágbára. Òun ni ìjíròrò yìí dá lé lórí. Ipá náà ni ó fún òkúta, kòkó àti ara ènìyàn ní èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ìwúwo wọn. Ẹni tí ó bá sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ará Aládé ṣọ́ra fún nínú òkúta tí ó yí i ká, àti ohun tí kò yẹ kí ó dẹ́rù bà á.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÒKÚTA

Gíránáìtì ni èyí tí ó pọ̀ nínú òkúta Ìdànrè. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn ni ó rú sókè láti inú ilẹ̀ jíjìn gẹ́gẹ́ bí òkúta yíyọ́, tí ó sì tutù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ títí ó fi le. Lẹ́yìn náà ni òjò àti oòrùn wá ń fọ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ títí òkúta fi yọ síta.

Bí àwọn tí ń fọ́ òkúta bá fi òòlù lù ú, yóò di wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, yóò di ìyẹ̀fun. Bí ó bá ṣeé ṣe láti máa pín ìyẹ̀fun náà títí, ibi tí ènìyàn yóò bá a dé ni átọ́ọ̀mù, pàápàá átọ́ọ̀mù ọ́síjìn àti ti sílíkọ́ọ̀nù, nítorí pé àwọn méjèèjì yìí ni ó pọ̀ jù lọ nínú gíránáìtì.

Ní 1911, ní ìlú Manchester, Ernest Rutherford fi hàn pé òfìfo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú átọ́ọ̀mù. Gbogbo ìwúwo rẹ̀, àfi díẹ̀ tí kò tó nǹkan, ni ó kó jọ sínú kóró kékeré kan ní àárín gbùngbùn. Bí kóró átọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù bá tó hóró kòkó kan, átọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ yóò fẹ̀ ju ìdajì kìlómítà lọ. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí wọ́n fúyẹ́ púpọ̀, ni wọ́n wà ní àyíká kóró náà.

Oríṣi ẹ̀rún méjì ni ó wà nínú kóró. Èkíní ni prótọ́ọ̀nù, tí ó ní iná mànàmáná pósítíìfù. Èkejì ni nútírọ́ọ̀nù, tí James Chadwick ṣe àwárí rẹ̀ ní Cambridge ní 1932; kò ní iná mànàmáná kankan. Prótọ́ọ̀nù 14 ni ó wà nínú kóró sílíkọ́ọ̀nù, nútírọ́ọ̀nù 14 ni ó sì sábà máa ń bá wọn gbé.

ÌṢÒRO TÍ Ó DOJÚ KỌ ÀWỌN ONÍMỌ̀

Níbí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ ìpìlẹ̀ físíìsì mọ̀ pé pósítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù a máa fa ara wọn, ṣùgbọ́n pósítíìfù àti pósítíìfù a máa ti ara wọn dànù. Bí wọ́n bá sì ti sún mọ́ ara wọn tó ni ìtìdànù náà ń le tó. Báwo wá ni prótọ́ọ̀nù 14 ṣe lè gbé inú yàrá kan ṣoṣo tí ó há tó bẹ́ẹ̀ láìtú ká?

Láti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó, ẹ jẹ́ kí á wo ìṣirò kan. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún kóró átọ́ọ̀mù ni fẹ́mítòmítà. Bí wọ́n bá pín mítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí wọ́n sì tún mú ìpín kan nínú rẹ̀ tí wọ́n pín in sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, fẹ́mítòmítà kan nìyẹn. Bí prótọ́ọ̀nù méjì bá wà ní fẹ́mítòmítà kan sí ara wọn, ipá tí wọ́n fi ń ti ara wọn tó ìwúwo kílógírámù 23. Èyí ju ìwúwo kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rún tí ojú kò lè rí láéláé ni ó ń ti ẹ̀rún bíi tirẹ̀.

Òòfà ilẹ̀, tí ó ń fa èso kòkó bọ́ sílẹ̀, kò lè gba prótọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Bí a bá kọ 1, tí a sì kọ òdo 36 tẹ̀ lé e, iye ìlọ́po tí ipá mànàmáná fi ju òòfà lọ láàárín prótọ́ọ̀nù méjì nìyẹn. Nítorí náà, ó ní láti jẹ́ pé ipá mìíràn kan wà tí kì í ṣe mànàmáná, tí kì í sì í ṣe òòfà, tí ó sì lágbára ju ìtìdànù náà lọ.

ÌDÁHÙN YUKAWA

Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Hideki Yukawa, ni ó gbé ìdáhùn tí ó nítumọ̀ jáde ní 1935. Ó ní àwọn ẹ̀rún inú kóró ń di ara wọn mú nítorí pé wọ́n ń fi ẹ̀rún mìíràn ránṣẹ́ sí ara wọn láìdáwọ́ dúró. Láti inú bí ipá náà kò ti lè rìn jìnnà ni ó ti ṣírò ìwúwo ẹ̀rún ìránṣẹ́ yìí: ó ní yóò wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 200 ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Orí òkè ni wọ́n ti rí i. Àwọn ẹ̀rún kan ń bọ̀ láti òfuurufú, wọ́n sì ń kọlu afẹ́fẹ́. Ohun tí ń jáde láti inú ìkọlù náà kì í pẹ́ parẹ́ kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, Cecil Powell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bristol, tí Giuseppe Occhialini àti César Lattes wà lára wọn, lo àwo fọ́tò tí a gbé sórí òkè gíga ní ilẹ̀ Faransé àti ní Bòlífíà. Ní 1947, ipasẹ̀ ẹ̀rún tí Yukawa sọ tẹ́lẹ̀ hàn lára àwo wọ̀nyí. Píọ́ọ̀nù ni wọ́n sọ ọ́. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 273 ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Yukawa gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1949, Powell sì gbà á ní 1950.

Ìwà ipá yìí láàárín prótọ́ọ̀nù àti nútírọ́ọ̀nù yẹ ní mímọ̀ dáadáa. Èkíní, ó lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po 100 ipá mànàmáná nínú kóró. Èkejì, ọwọ́ rẹ̀ kúrú: bí ẹ̀rún méjì bá ti jìnnà sí ara wọn tó fẹ́mítòmítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ipá náà kò sí rárá. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe ojúsàájú: bí ó ti di prótọ́ọ̀nù mú ni ó di nútírọ́ọ̀nù mú. Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá sún mọ́ ara wọn jù, ó tún ń tì wọ́n sẹ́yìn, kí wọ́n má baà wọ inú ara wọn. Ìdí nìyí tí kóró kò fi tú ká, tí kò sì fi rún mọ́ ara rẹ̀.

ÀÀRÒ MẸ́TA

Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n láàárín 1950 sí 1960, ẹ̀rún tuntun ń jáde lọ́tùn-ún lósì nínú àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n ń lò láti mú ẹ̀rún sáré kọlu ara wọn. Iye wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jọ pé gbogbo wọn lè jẹ́ ìpìlẹ̀. Ní 1964, Murray Gell-Mann àti George Zweig, tí olúkúlùkù wọn dá ìwádìí tirẹ̀ ṣe, dábàá pé ẹ̀rún kéékèèké mìíràn ni ó para pọ̀ di prótọ́ọ̀nù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kúáàkì ni orúkọ tí Gell-Mann fún wọn. Láti 1968, àwọn olùwádìí ní California ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu prótọ́ọ̀nù, wọ́n sì rí i pé ó ń ta padà bí ẹni pé ó kan kókó líle nínú rẹ̀. Kúáàkì ti fara hàn.

Kúáàkì mẹ́ta ni ó wà nínú prótọ́ọ̀nù: méjì tí wọ́n ń pè ní “up” àti ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní “down”. Nínú nútírọ́ọ̀nù, “up” kan àti “down” méjì ni. Iná mànàmáná “up” jẹ́ pósítíìfù ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ti “down” jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù ìdá kan nínú mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò rí i pé ti prótọ́ọ̀nù di 1 gééré, ti nútírọ́ọ̀nù sì di òdo.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òkúta kan kò lè gbé ìkòkò dúró lórí iná. Méjì yóò mì. Ṣùgbọ́n mẹ́ta fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kúáàkì rí, àti pé ó ní ìdí. Yàtọ̀ sí iná mànàmáná, kúáàkì kọ̀ọ̀kan ní ohun kan tí àwọn onímọ̀ sọ ní “àwọ̀”. Kì í ṣe àwọ̀ tí ojú ń rí. Orúkọ lásán ni. Oríṣi mẹ́ta ni: pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ mẹ́ta yìí bá dàpọ̀, funfun ni yóò jáde. Òfin ipá alágbára ni pé ohun tí àwọ̀ rẹ̀ ti parapọ̀ di funfun nìkan ni ó lè dá dúró. Nítorí náà ni kúáàkì pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti àwọ̀ aró ṣe ń dúró pọ̀ bí ààrò mẹ́ta.

Ohun tí ó ń gbé ipá láti ọ̀dọ̀ kúáàkì kan sí èkejì ni gílúọ́ọ̀nù. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún àtè tàbí gọ́ọ̀mù ni wọ́n ti yọ orúkọ náà, ó sì bá a mu, nítorí pé òun ni ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Wọ́n rí ẹ̀rí rẹ̀ ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ní 1979. Nísinsìnyí ó yé àwọn onímọ̀ pé ohun tí Yukawa ṣàlàyé kì í ṣe ìdí ipá náà gan-an. Ìdí rẹ̀ wà láàárín àwọn kúáàkì. Èyí tí ó ṣẹ́kù sí ìta prótọ́ọ̀nù ni ó ń di kóró mú, bí ooru ààrò ti ń dé ara ẹni tí ó jókòó tì í.

Gbogbo ẹ̀rún tí ipá yìí ń darí ni wọ́n ń pè ní hádírọ́ọ̀nù. Ìdílé méjì pàtàkì ni wọ́n. Báríọ́ọ̀nù ni àwọn oníkúáàkì mẹ́ta, bíi prótọ́ọ̀nù. Mẹ́sọ́ọ̀nù ni àwọn tí ó ní kúáàkì kan àti òdìkejì kúáàkì kan, bíi píọ́ọ̀nù. Oríṣi kúáàkì mẹ́fà ni ó wà lápapọ̀. Èyí tí ó wúwo jù nínú wọn ni wọ́n rí kẹ́yìn, nítòsí Chicago, ní 1995. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní CERN, ní ẹnu ààlà Switzerland àti Faransé, kéde àwọn ẹ̀rún tí ó ní kúáàkì mẹ́rin àti òdìkejì kúáàkì kan. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò sí nínú agbo yìí. Ipá alágbára kò mọ̀ ọ́n rí.

EWÚRẸ́ ÀTI ÈÈKÀN

Ìwà kan tí ó ṣàjèjì jù lọ ni pé ipá láàárín kúáàkì kì í rọ bí wọ́n bá jìnnà sí ara wọn. Òòfà ń rọ, mànàmáná ń rọ, ṣùgbọ́n èyí kì í rọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ewúrẹ́ tí a fi okùn so mọ́ èèkàn. Nígbà tí ó bá wà nítòsí èèkàn, okùn dẹ̀, ewúrẹ́ ń rìn fàlàlà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó so ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbìyànjú láti lọ jìnnà, okùn yóò le, yóò sì fà á padà. David Gross, Frank Wilczek àti David Politzer ni wọ́n fi ìṣirò ṣàlàyé ìwà yìí ní 1973, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2004. Ìdí rẹ̀ ni pé gílúọ́ọ̀nù fúnra wọn ní àwọ̀, nítorí náà wọ́n ń fa ara wọn pẹ̀lú. Wọn kò sì tàn ká bí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn ká.

Bí kúáàkì méjì bá fi fẹ́mítòmítà kan jìnnà sí ara wọn, ipá tí ó ń fà wọ́n padà tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 16. Ẹrù ọkọ̀ àjàgbé kòkó ńlá nìyẹn, lórí ẹ̀rún méjì tí ojú kò rí.

Ǹjẹ́ a kò lè fà á títí okùn yóò fi já? Yóò já, ṣùgbọ́n agbára tí ẹni náà ti lò láti fà á yóò sọ ara rẹ̀ di kúáàkì tuntun àti òdìkejì rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé okùn nítorí pé ó ń wá okùn tí ó ní orí kan ṣoṣo yóò rí i pé okùn méjì ni ó wà lọ́wọ́ òun, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tún ní orí méjì. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi tíì rí kúáàkì kan kí ó dá nìkan rìn.

NÍBO NI ÌWÚWO ÀPÒ KÒKÓ TI WÁ?

Àpò kòkó kan ní ọjà wa wọn nǹkan bíi kílógírámù 64. Aláàárù tí ó bá gbé e sí èjìká mọ̀ pé kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò ìwúwo gbogbo kúáàkì tí ó wà nínú àpò náà, tí a sì fi ti àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kún un, kò tó kílógírámù kan. Níbo ni kílógírámù 63 tí ó ṣẹ́kù ti wá?

Láti inú agbára ni. Albert Einstein ti fi hàn ní 1905 pé agbára àti ìwúwo jẹ́ ọ̀kan náà ní oríṣi ìrísí méjì. Àwọn kúáàkì ń sáré kíkankíkan nínú àhámọ́ wọn, gílúọ́ọ̀nù sì ń dì wọ́n mú. Agbára ìsáré àti ìdìmú yìí ni ó di ìwúwo. Kúáàkì mẹ́ta inú prótọ́ọ̀nù, bí a bá wọn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá 100 ìwúwo prótọ́ọ̀nù lọ. Nítorí náà, ohun tí ń tẹ èjìká aláàárù kì í ṣe kúáàkì fúnra wọn, bí kò ṣe ìdè tí ó so wọ́n pọ̀. Bákan náà ni òkè Ìdànrè, àti ẹni tí ó dúró lórí rẹ̀.

Oòrùn tí wọ́n sá kòkó sí pẹ̀lú kò lè ràn láìsí ipá yìí. Nínú oòrùn, prótọ́ọ̀nù mẹ́rin ń parapọ̀ ní ìpele ìpele di kóró hílíọ́ọ̀mù kan. Hílíọ́ọ̀mù náà fi nǹkan bí ìdá 0.7 nínú ìdá 100 fúyẹ́ ju ohun tí ó para pọ̀ di í lọ. Ohun tí ó dín yẹn ni ó di ìmọ́lẹ̀ àti ooru.

NÍGBÀ TÍ ỌWỌ́ IPÁ BÁ KÚRÚ

Níwọ̀n bí ipá alágbára ti le tó yìí, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nínú àwùjọ ńlá, ọwọ́ ẹni tí ó wà nítòsí nìkan ni ènìyàn lè dì mú, ṣùgbọ́n ariwo gbogbo àwùjọ ni ó ń dé etí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni prótọ́ọ̀nù inú kóró ńlá rí. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ nìkan ni ó ń fi ipá alágbára dì í mú. Ṣùgbọ́n gbogbo prótọ́ọ̀nù yòókù, títí dé ti òdìkejì, ni ó ń fi mànàmáná tì í. Bí kóró bá ti ń tóbi sí i, ìtìdànù ń borí. Lẹ́yìn òjé, tí ó ní prótọ́ọ̀nù 82, kò sí kóró tí ó lè wà títí láé.

Yùréníọ́ọ̀mù ní prótọ́ọ̀nù 92, tóríọ́ọ̀mù ní 90. Láti ìgbà dé ìgbà, kóró irú èyí a máa ju ẹ̀rún kan síta tí ó ní prótọ́ọ̀nù méjì àti nútírọ́ọ̀nù méjì. Kì í ṣe kánkán: ó ń gbà tó bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin ààbọ̀ kí ìdajì yùréníọ́ọ̀mù tí ó wọ́pọ̀ jù tó yí padà, ti tóríọ́ọ̀mù sì ń gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 14. Òjé ni méjèèjì ń dà nígbẹ̀yìn. Nípa fífi òjé tí ó ti jáde wé yùréníọ́ọ̀mù tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn hóró kéékèèké inú òkúta ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń mọ ọjọ́ orí gíránáìtì. Agogo ni yùréníọ́ọ̀mù jẹ́ fún wọn.

Gíránáìtì a máa ní yùréníọ́ọ̀mù àti tóríọ́ọ̀mù ju ọ̀pọ̀ òkúta mìíràn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ náà ni. Ẹ jẹ́ kí á mú gíránáìtì kan tí ó ní gírámù yùréníọ́ọ̀mù mẹ́rin nínú tọ́ọ̀nù kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ láyé. Nínú òkúta tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan, nǹkan bíi gírámù mẹ́wàá ni yóò wà. Nínú gírámù mẹ́wàá yìí, kóró tí ó ju 120,000 lọ ni ó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Òkúta tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lójú ènìyàn kò dákẹ́ nínú.

ẸLẸ́RÌÍ LÁTI GABON

Ẹnìkan lè béèrè bí ó bá ṣe pé ipá yìí kì í yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹ̀rí ti jáde. Ní 1972, àwọn ará Faransé tí ń yẹ yùréníọ́ọ̀mù tí a wà ní Oklo, ní ilẹ̀ Gabon, wò rí i pé oríṣi kan tí ó máa ń jẹ́ ìdá 0.720 nínú ìdá 100 níbi gbogbo jẹ́ 0.717. Àṣìṣe kọ́. Nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn, yùréníọ́ọ̀mù ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í là sí méjì fúnra rẹ̀, bí ó ti ń là nínú ẹ̀rọ amúnáwá lónìí, láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ní 1976, Alexander Shlyakhter yẹ ohun tí iná náà fi sílẹ̀ wò, pàápàá irin kan tí ń jẹ́ sàmáríọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá ti fi ìwọ̀nba díẹ̀ yí ipá inú kóró padà, iye sàmáríọ́ọ̀mù tí ó ṣẹ́kù ì bá ti yàtọ̀ gidigidi. Kò yàtọ̀. Nígbà tí gíránáìtì Ìdànrè kò tíì sí rárá, bí ipá náà ti rí lónìí ni ó rí.

OHUN TÍ Ó KAN ARÁ ALÁDÉ

Ní ibi yìí ni èrò ènìyàn ti lè pín sí méjì. Àwọn kan, bí wọ́n bá gbọ́ pé òkúta ń ju ẹ̀rún síta, yóò sọ pé kí ará ìlú máa bẹ̀rù òkè. Àwọn mìíràn yóò dáhùn pé àwọn baba ńlá gbé orí òkè náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, nítorí náà kò sí ohun kan níbẹ̀. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò sí lẹ́yìn èkíní tàbí èkejì pátápátá.

Ẹ̀rún tí ń jáde láti inú yùréníọ́ọ̀mù kì í rìn jìnnà. Ìwé pẹlẹbẹ kan tó láti dá a dúró, awọ òde ara pẹ̀lú sì ń dá a dúró. Ẹni tí ó gun òkè, tí ó jókòó lórí òkúta, tàbí tí ó sá aṣọ sí orí rẹ̀ kò ní ìdí láti bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tí yùréníọ́ọ̀mù ń gbà di òjé, ó ń di afẹ́fẹ́ kan tí ń jẹ́ rádọ́ọ̀nù. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ìdajì rẹ̀ sì ń yí padà láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó dín díẹ̀. Ó ń gba inú sísán ilẹ̀ jáde. Ní ìta gbangba, atẹ́gùn a fọ́n ọn ká. Nínú yàrá tí a tì pa, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì ti sán, ó lè kó jọ; bí ènìyàn bá sì ń mí i símú fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀rún náà yóò ti máa ṣe iṣẹ́ ibi, níbi tí kò sí awọ líle tí yóò dá a dúró. Lágbàáyé, rádọ́ọ̀nù wà lára àwọn ohun pàtàkì tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, lẹ́yìn sìgá mímu. Ẹni tí ó ń mu sìgá ni ó sì ń pa jù.

Ìdènà rẹ̀ kò gba owó púpọ̀: kí fèrèsé máa ṣí, kí atẹ́gùn máa wọlé kí ó sì máa jáde, kí a dí ibi tí ilẹ̀ ilé ti sán, kí ẹni tí ń kọ́lé lórí àpáta fi ọ̀nà atẹ́gùn sí i. Ilé tí ó ní fèrèsé gbayawu wúlò ju èyí tí a dí pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Irinṣẹ́ tí ó ń wọn rádọ́ọ̀nù wà, ó sì yẹ kí àwọn ẹ̀ka físíìsì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà nítòsí, bíi Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981, máa fi wíwọ̀n rẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lẹ́bàá àpáta.

ÌPARÍ

Ohun tí ó ti hàn ni pé líle òkúta kò ti inú ẹ̀rún rẹ̀ wá bí kò ṣe inú ìdè tí ó wà láàárín wọn. Kúáàkì kan kò lè dá dúró. Mẹ́ta ni ó para pọ̀ di ohun tí ó ṣeé fọwọ́ kàn. Ìwúwo wọn kò tó nǹkan, ìdè wọn ni ó wúwo. Ṣùgbọ́n ìdè náà kò gùn, nítorí náà kóró tí ó bá tóbi jù ń tú díẹ̀díẹ̀, títúká náà sì ni a fi ń mọ ọjọ́ orí òkúta, tí a sì fi ń mọ ìdí tí fèrèsé fi yẹ kí ó ṣí. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ Aládé ní ẹ̀kọ́ yìí kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí òkè òkun: ààrò wà ní ilé ìdáná, ewúrẹ́ wà lẹ́yìnkùlé, àpò kòkó wà ní ìloro, òkúta sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí ipá mànàmáná àti òòfà kò fi lè ṣàlàyé bí kóró átọ́ọ̀mù ti ń dúró pọ̀?

2. Ṣàlàyé ohun tí àpẹẹrẹ ewúrẹ́ àti èèkàn fi jọ ipá láàárín kúáàkì, kí o sì sọ ibi tí àpẹẹrẹ náà ti kùnà.

3. “Ìdè ni ó wúwo, kì í ṣe ẹ̀rún.” Fi ìṣirò àpò kòkó gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀.

4. Kí ni kí olùkọ́ sọ fún òbí tí ó ní òun yóò kó kúrò ní ẹ̀bá òkè nítorí ohun tí ọmọ òun kọ́ ní kíláàsì?